Ọwọ́ Òsì Israfil

Láti ọjọ́ tí Àṣàkẹ́ ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ilé ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni Zulaikha kò ti mí kanlẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ ní ìrànlọ́wọ́ lòun wá ṣe, kí ìyàwó lè ráyè ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán. Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀! A jẹ́ pé ẹ̀gún náà ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Eré Israfil, ọmọ ọdún méjì, ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ náà kò tíì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá kó agolo mílíìkì síwájú rẹ̀, yóò tò wọ́n léra wọn títí dé mẹ́fà, yóò wó wọn, yóò sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Yóò tún máa fi ife bu omi láti inú abọ́ kan sí òmíràn, kò ní da púpọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló sì ń fi ṣe gbogbo rẹ̀.

“Ìyàwó, o ò rí ọwọ́ tọ́mọ yìí ń lò ni?” Àṣàkẹ́ bi í lọ́jọ́ kẹta tó dé. “A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣàìtáánì ló ń fọwọ́ òsì jẹun.”

“Màmá, ọ̀tún ló fi ń jẹun. Eré lásán lèyí.”

“Eré! Ibi eré náà ni wọ́n ti ń bàjẹ́.”

Zulaikha gbé báàgì rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìyá ọkọ ni. Ta ni yóò bá a jà?

Lọ́jọ́rú, òwú tán ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì sáré wálé lọ́sàn-án láti mú òmíràn. Israfil ló bá ní pálọ̀, àwọn agolo yí i ká, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ìyá àgbà ti fi àkísà di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìhà. Ó ti sunkún títí ikun fi gbẹ mọ́ ọn létè.

Zulaikha sáré sí i. Ó já àkísà náà sọnù.

“Látìgbà wo lẹ ti ń dì í?”

“Láti Sọ́ńdè. Mo máa ń tú u kó o tó dé. Ó ti ń kọ́gbọ́n.”

Zulaikha kúnlẹ̀, ó to agolo méjì, ó na ẹ̀kẹta sí ọmọ rẹ̀. “Israfil mi, gbà, tò ó.” Ọmọ náà wojú ìyá àgbà, ó sì fúnra rẹ̀ lẹ ọwọ́ òsì mọ́ ìhà. Kò sì na ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú.

“Ṣó o rí i?” Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ó ti yé e.”

Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Zulaikha wọ yàrá, ó kó ìró, bùbá àti búùtà àlùwàlá ìyá ọkọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e jáde.

“Ẹ máa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá. Ọkọ̀ wà ní garéèjì.”

“Èmi lo ń lé nílé ọmọ mi? Ismaheel ọkọ rẹ á gbọ́!”

“Kó gbọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ mi.”

Ó wá fi ọwọ́ òsì na báàgì náà sí i. Láti kékeré, kò fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà rí. Ó mọ̀ pé kí wọ́n tó kírun Màgíríbì, gbogbo ẹbí ọkọ yóò ti gbọ́ ohun tó ṣe. Síbẹ̀, kò pààrọ̀ ọwọ́.

Àṣàkẹ́ já báàgì náà gbà, ó ń ṣépè jáde.

Zulaikha jókòó sílẹ̀, ó bẹ ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Israfil ń wo agolo. Kò gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò ní ìhà.