Okùn Tó Gba Òkè Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, ilé iṣẹ́ tí Oyètúndé ti ń ya àwòrán páìpù ní kó máa lọ sílé. Ó lọ sílé lóòótọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ sí basement ilé wọn ní àdúgbò Temple, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ ní irin fífín. Odidi ọdún kan ló fi ń fín ọ̀bẹ àti irin bẹ́líìtì. Ó fẹ́ràn bí irin ṣe máa ń ká jáde níwájú ọwọ́ rẹ̀ bí èèpo ọsàn.

Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ dé nígbà tí snow bo gbogbo ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan, Mr. Tierney, ọmọ Ireland, fẹ́ kó fín okùn Celtic, okùn àwọn baba ńlá òun, sára ìbọn ìléwọ́ òun. Okùn náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lópin, ara rẹ̀ ló ń lọ́ mọ́. Slide nìkan ni bàbá náà mú wá, ìyẹn irin òkè ìbọn tó máa ń sún sẹ́yìn. Ó ti ìyókù mọ́ inú àpótí nílé.

Oyètúndé ti sọ fún ìyàwó rẹ̀, Morọ́láyọ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Seton, pé bí bàbá yìí bá kọ iṣẹ́ náà, òun yóò kó irinṣẹ́ òun sínú páálí, òun yóò sì wá máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn ní ọsibítù. Morọ́láyọ̀ ti bá a gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà.

Òfin okùn náà kò ṣòro. Bó bá gba òkè ara rẹ̀ kọjá níbi kan, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà níbi tó kàn. Kí ọwọ́ Oyètúndé má baà ṣì, ńṣe ló ń kà á sókè bó ṣe ń fín in: "Òkè. Ìsàlẹ̀. Òkè. Ìsàlẹ̀."

Ọjọ́ kẹrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ "òkè", ó sì fín in tán, ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Ọláníyan ni, ẹni tó lọ gbé wọn ní airport lọ́jọ́ tí wọ́n dé Canada. Ta ni yóò jẹ́ kí fóònù irú ẹni bẹ́ẹ̀ dún tán?

"Oyètúndé, ó tọ́jọ́ mẹ́ta o! Níbo lo wà?"

"Ìsàlẹ̀ ni mo wà, sà."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

"Basement, sà."

"Ọlọ́run á gbé ẹ sókè."

"Àmín, sà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ti kọjá lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà òkè ni ọwọ́ rẹ̀ fín.

Morọ́láyọ̀ ló rí i nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Ẹni tó ń di irun àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣàì rí i.

"Daddy Ìmísí, okùn yìí gba òkè lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wò ó. Ó tún fi awò wò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un dì."

"Irin ni, Mummy Ìmísí. Kì í ṣe irun."

"Fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà nínú báàgì mi o."

Oyètúndé jókòó ti slide náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ohun tí a bá ti gé kúrò lára irin kì í padà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù ṣì ṣeé gé. Bí okùn kò bá lè kọjá níbẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ó fín ojú kan sí i, ó fín etí, ó fín ẹnu tó là. Okùn di ajá tó fi eyín di okùn tó dábùú níwájú rẹ̀ mú. Ní òdìkejì, ìyókù rẹ̀ di ìrù.

Nígbà tó di Saturday, Mr. Tierney dé. Ó fi èékánná tọ okùn náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi débẹ̀.

"Kí ni ajá ń wá níbí?"

"Ọwọ́ mi ló ṣì, sà. Mo fi bò ó ni."

Bàbá náà kò gbé ojú kúrò. "Irú ajá yìí pọ̀ lára okùn inú ìwé àtijọ́ wa. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó, kí ló gbé wọn débẹ̀."

Ó yí irin náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ohunkóhun kò tíì kàn.

"Fi ọ̀kan síbí náà. Ibi kan náà gan-an."

Oyètúndé ní ó dára. Ó padà sídìí tábìlì, ó mú pẹ́ńsù àti rúlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti ṣì.