Ohùn Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n ti yọ fíláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún kì í bọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó dúró sẹ́yìn àga, ni kò jẹ́ kó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀. Ohùn Bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́."

Oṣù kẹrin rèé tí àwọn dókítà ti gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò lọ́fun bàbá wọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tó gé e, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí, tó ń ka ọ̀ọ́dúnrún gbólóhùn sínú rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ó ń dùn mí. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á tẹ bọ́tìnì, ohùn rẹ̀ á jáde. Ó tiẹ̀ ya gbólóhùn mẹ́rin sọ́tọ̀ fún bíbú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló wá ní Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ tuntun òun. Ó ní kò sí wàhálà, Linux àti Windows á jọ máa gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà, èyí tí èèyàn bá fẹ́ ni yóò yàn nígbà tó bá tàn án. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn Bàbá sórí fíláàṣì, kí ewu má bàa wà. Ọgbọ́n nìyẹn. Àmọ́ fíláàṣì kan ṣoṣo ló ní, orí rẹ̀ náà ló sì tún gbé Linux lé láti fi wọ inú ẹ̀rọ. Kí fíláàṣì tó gba Linux, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ìkánjú ni kò jẹ́ kó rántí. Nígbà tí ẹ̀rọ bi í bóyá kí Linux jókòó ti Windows ni, àbí kó gba gbogbo àyè, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ pé ohùn wà nípamọ́. Kò ka ìbéèrè náà tán tó fi tẹ èyí tó ní kó gba gbogbo àyè, bí Windows àti ohùn Bàbá ṣe parẹ́ nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun kánjú mú tirẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣẹ́ kù.

Àbúrò dábàá pé kí àwọn sọ pé iná ló bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Ó wọ yàrá Bàbá, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Bàbá, èmi ni mo ba ohùn yín jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló lọ."

Ètè Bàbá mì, nǹkan kan kò jáde. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé tó kọ àwọn gbólóhùn náà sí yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé: "Fi ohùn tìrẹ kà á."

Ojú ti ẹ̀gbọ́n gan-an. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n parí ojú ewé kìíní, wọ́n ṣí èkejì. Níbẹ̀ ló ti rí èyí tí Bàbá kọ fún òun: Ọmọ mi ọkùnrin, o kú ìtọ́jú mi. Ó dá kíkà náà dúró. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi bírò fagi lé gbólóhùn náà, ó sì na ìka sí èyí tó tẹ̀ lé e.