Wáyà Ìyáálé

“Fa iná, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé wáyà mi.”

Sétou kò gbé ohùn sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó ń da oúnjẹ sínú àwo àwọn òròmọdìẹ rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn wo Nassirou oníṣẹ́ iná tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Boukari, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí níta, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ilẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ní oko wọn ní Lougba, inú ọkọ sì dùn pé ó délẹ̀ síbì kan, ibi yòówù kó jẹ́.

“O gbọ́ ohun tó wí,” Boukari sọ fún Nassirou.

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Kí ni mo wí?” Sétou bi í.

“Ẹ ní kí n fa iná fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gé wáyà yín.”

“Ó dáa. Mi ò gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni Salma. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o tún un wí.”

Bẹ́ẹ̀ ni, Salma, ìyàwó kejì Boukari, ni ẹ̀gbọ́n Nassirou. Salma ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Iná kan ṣoṣo tó wà lóko náà, ti Sétou ni. Owó kajú rẹ̀ ló fi gbà á láti ibi mítà tó wà létí títì. Wáyà náà gba orí àwọn òpó igi tíìkì kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ahéré Salma, kí ó tó dé ilé adìẹ ní ìpẹ̀kun oko.

Ibi tí gbogbo ìjà wà gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá gé wáyà níbi ahéré Salma, tí wọ́n mú un gba inú àpótí iná rẹ̀ kọjá, a jẹ́ pé abẹ́ ọwọ́ Salma ni iná ìyáálé yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìka kan péré ló tó láti pa á. Ọyẹ́ sì ti dé. Òròmọdìẹ tí kò tíì hùyẹ́, bí gílóòbù tó ń mú wọn móoru bá kú láàárọ̀ kan ṣoṣo, wọn a gun ara wọn lórí títí wọn a fi kú. Sétou mọ èyí, Salma náà mọ̀ ọ́n, Boukari pàápàá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀ nínú wọn. Ilé olórogún ni, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ, wọ́n kàn máa ń jókòó yí i ká ni.

Salma ti dúró de àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ahéré.

“Gé e,” ni ohun àkọ́kọ́ tó wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.”

“Mo gbọ́. Etí mi kò di. Àpótí ni kí o gbé síbí, kí wáyà gba ìhín wọlé, kó gba ọ̀hún jáde, kí ibi tí wọ́n ti ń pa á wà nínú ilé mi.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ pa iná mọ́ àwọn adìẹ lórí ni?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò ní pa á láéláé. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo lè pa á ni. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, èmi ni mò ń kúnlẹ̀, èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.” Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa. “Ta ló rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ ní Savalou?”

Salma ló tọ́ Nassirou lẹ́yìn ikú ìyá wọn, Salma ló sì rán an lọ kọ́ṣẹ́. Bí ó bá gé wáyà, kò sẹ́ni tí yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ láti Lougba dé Pira. Bí kò bá gé e, ojú wo ni yóò fi wo ẹni tó jẹ́ ìyá fún un?

Ní Savalou, Láwàl tó ń ta ohun èlò iná da àwọn ohun tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀ sórí káńtà. Bàbá rẹ̀ ló ṣí wá láti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n Savalou ni wọ́n ti bí Láwàl. Ó ń bá obìnrin kan dúnàádúrà ní èdè Mahi lọ́wọ́, ó sì yí ẹnu padà sí Yorùbá láìmí.

“Wáyà tó ti wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ ya iná lára rẹ̀,” Nassirou ní, “ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ gé e.”

“Èèwọ̀ wáyà ni?”

“Ìyáálé ló ni ín.”

“Háà!” Láwàl pàtẹ́wọ́. “Èèwọ̀ ni lóòótọ́. A jẹ́ pé dòmínò tí wọ́n fi ń so ẹnu wáyà méjì pọ̀ kò wúlò fún ọ nìyẹn, nítorí o ní láti gé wáyà kí o tó ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n là nídìí yìí ńkọ́? O kò ní gé wáyà, ṣùgbọ́n o máa bó o láwọ.”

“Bí wọ́n bá rí i pé mo bó o, gígé ni wọn yóò pè é.”

“Eléyìí ni tìrẹ, nígbà náà.” Ó mú ọ̀kan dúdú tó ní bóòtù lórí, ó ya ẹnu rẹ̀. “Ó ní eyín. Bí wáyà bá ṣe wà ni kí o gbé e lé e, kí o sì máa dì í. Eyín á gún awọ, á kan bàbà tó wà nínú. Ìyáálé kò ní mọ̀ pé nǹkan jẹ wáyà òun. Báwo ni wáyà náà ṣe nípọn tó?”

Nassirou yọ ègé wáyà kan tó nípọn bíi rẹ̀ lápò. Láwàl wọ̀n ọ́n lẹ́nu oríṣi méjì, ó dá ọ̀kan padà sínú páálí. “Èyí ti tóbi jù, eyín rẹ̀ kò ní kàn án. Mú èyí. Kí awọ wáyà náà sáà ti le. Eyín ò wúlò lára awọ tó ti gbó.”

Nassirou ra eléyín. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó yí padà, ó ra àpótí iná kékeré kan àti dòmínò mọ́ ọn. Ó ní oníṣẹ́ ọwọ́ kì í mú ohun èlò kan ṣoṣo jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó pa iná níbi mítà, ó fi àkàbà ti òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré Salma, ó gòkè. Bó ṣe fọwọ́ kan wáyà báyìí, awọ rẹ̀ fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sápá ọ̀tún, ó ń fọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ sápá òsì, bákan náà ni. Bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ní àwọ̀ ewé. Iná igbó ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ti ràn án, gílóòbù adìẹ nìkan tó sì ń gbé ni kò jẹ́ kó tíì jó. Bí ẹ̀rọ gbágùúdá bá kún un, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbiná. Bí ó bá ya iná lára òpó mìíràn, ibi tó ti jóná yìí náà ni iná yóò ṣì gbà kọjá. Ọ̀nà kan ló kù: kí ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí ó fi wáyà tuntun dí i.

Ní ìsàlẹ̀, Salma bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

“Ṣé o rí i? Wáyà fúnra rẹ̀ ló ní kí o gé òun! Gé e kíákíá kí o tó lọ sọ fún un. Bí o bá gé e tán, kí ló kù tó fẹ́ wí?”

Nassirou sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ohun tó jẹ́ òótọ́ àti ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ti di ọ̀kan náà, ta ni yóò wá gbà á gbọ́? Ó wo àpótí àti dòmínò tó wà nínú àpò rẹ̀. Ó wá fi púláyà tó fi ń gé wáyà sílẹ̀ lórí àkàbà, ó lọ sọ ohun tó rí fún Sétou.

Sétou kò jiyàn. Ó dé ìdí àkàbà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Boukari sáré tẹ̀lé e.

“Sétou! Ọjọ́ orí wa ti kọjá èyí! O máa ṣubú!”

“Di àkàbà mú.”

Ó fi ìka bó wáyà wò, èèpo dúdú ń já bọ́ sórí fìlà ọkọ rẹ̀. “Ta ló sun ún?”

“Iná igbó ni, Ìyá,” Nassirou ní. “Ti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí.”

Boukari tó dáná sun igbó lẹ́ẹ̀rùn èṣí wúkọ́, ó sì wá rí nǹkan kan wò lára bàtà rẹ̀.

Sétou sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó wo Nassirou, ó wo Salma tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ní kí o gé e tẹ́lẹ̀, àbí kò wí bẹ́ẹ̀?”

Irọ́ kékeré kan ì bá tán an, Nassirou sì ti la ẹnu láti pa á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà ṣì dúdú fún èèpo wáyà.

“Ó wí bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

“Nassirou!” Salma pariwo.

“Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní láti mọ èyí tó jẹ́ ìfẹ́ tiyín, kí wọ́n lè mọ èyí tí wáyà fúnra rẹ̀ ń fẹ́.” Ó kọjú sí Sétou. “Orí òpó níhìn-ín ni mo máa ti so ó, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Tiyín á lọ tààrà. Ti ẹ̀gbọ́n mi á yà sọ́tọ̀, tirẹ̀ nìkan ló sì lè pa. Ṣùgbọ́n mo máa gé e. Kò sí ọ̀nà mìíràn.”

Salma ni Sétou ń wò.

“Kí lo fẹ́ fi iná mi ṣe, ìyàwó mi?”

Omi ti lé sójú Salma, ti ìbínú àti ti ìtìjú pọ̀. “Kí ẹ lè mọ̀ pé mo wà nínú ilé yìí ni.”

“Mo mọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò mọ̀ ọ́n.” Ó yíjú sí oníṣẹ́ iná. “Ìgbà wo ni iná á padà dé, Nassirou?”

“Ó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá.”

Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ kọjá láàárín igi kajú. Láti ilé adìẹ, wọ́n ń gbọ́ igbe àwọn òròmọdìẹ tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú.

“Salma, ṣé iná ṣì wà nínú ààrò rẹ?”

“Ó wà.”

“Kó ẹyín iná sínú ìkòkò, gbé e lọ bá wọn. Má gbé e sún mọ́ wọn jù, má sì jẹ́ kí èéfín bò wọ́n. Jókòó tì wọ́n títí iná á fi dé. Èmi ní láti dúró síbí.”

Salma kò kọ́kọ́ mira. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé adìẹ náà, kò tíì wọ inú rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó pè é wọ̀ ọ́. Ó wo ojú ìyáálé rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà, kò rí i. Ó wọ ahéré lọ, ó jáde pẹ̀lú ìkòkò tó ń yọ èéfín, ó fi aṣọ di etí rẹ̀ mú. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, kí ẹyín iná má baà dà nù.

Sétou ń wò ó lọ. Nígbà tí Salma bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ tó sì wọlé, ìyáálé mú púláyà lórí àkàbà, ó nà án sí Nassirou.

“Gé e,” ó ní.