Kí Hassanat Máa Mánéèjì

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Àjíbíkẹ́ fún yín, nítorí inú ń bí mi, tí mi ò bá sì sọ ọ́, ọ̀fun mi á dí. Tíṣà ni obìnrin náà, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkóta. Nínú gbogbo ẹbí wọn tó ti Ìsẹ́yìn wá, òun àti Múrítàlá àbúrò rẹ̀ nìkan ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Léèsì ni Múrítàlá ń tà ní ọjà Aswani. Òun àti Hassanat ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ fi ìyà kó ṣọ́ọ̀bù yẹn jọ, látìgbà tí wọ́n ti ń pàtẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Hassanat ò mọ̀wé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn létí oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́.

Àìsàn kíndìnrín ló dá Múrítàlá dùbúlẹ̀. Ní ọsibítù, lọ́jọ́ kan tí Hassanat lọ ra oògùn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Bàbá Babáṣọlá, àbúrò bàbá wọn, ó ní, “Tí mo bá kú, Hassanat ni kó máa mánéèjì ṣọ́ọ̀bù.” Bàbá ní òun ti gbọ́, ó jáde lọ kírun. Àjíbíkẹ́ wá bi àbúrò rẹ̀ pé ṣé ohun tó ń sọ ni pé kí Hassanat di ọ̀gá ibẹ̀. Múrítàlá ní bẹ́ẹ̀ ni, Hassanat ni ọ̀gá, Hassanat ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Àjíbíkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún. Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́, torí ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú. Kò pẹ́ rárá tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó sí yàrá Hassanat ní Òkè-Afà. Wọ́n béèrè ohun tí olóògbé sọ nípa ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní ó ní kí Hassanat máa mánéèjì ẹ̀. Ó wá kọjú sí Àjíbíkẹ́, ó ní kí ẹni tó mọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún ẹbí.

Ẹ gbọ́ ìwà ìkà. Obìnrin yìí mọ ìtumọ̀ méjèèjì. Ó mọ ti inú ìwé, tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ká di nǹkan mú, ká darí rẹ̀, ká jẹ́ ọ̀gá lé e lórí. Ó sì mọ èyí tí à ń sọ ládùúgbò. Ó fi ohùn tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí ọbẹ̀ ò bá lẹ́ran, kí la máa ń wí? Wọ́n ní ká mánéèjì ẹ̀. Tí òrùlé bá ń jò, tí kò sì síbi tá a máa kó lọ ńkọ́? Wọ́n ní à ń mánéèjì ẹ̀ ni.

“Ohun tí àbúrò mi sọ náà nìyẹn,” ló wí. “Kó ṣì máa rọ́jú níbẹ̀ títí ẹbí á fi rí ẹni tó tọ́ sí i. Abdulhafeez ọmọ mi sì ti ṣe tán.”

Gbogbo wọn ń mi orí, torí ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ náà nìyẹn. Hassanat alára ò mọ òmíràn. Ó bi Bàbá lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọkọ òun jáde nìyẹn lóòótọ́. Bàbá fi Ọlọ́run búra, kò sì purọ́. Obìnrin náà ò jà, kò bẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ojú tí Múrítàlá fi ń wo òun nìyẹn, kí wọ́n máa mú ṣọ́ọ̀bù wọn lọ. Ó tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ìró, ó jù ú sí Àjíbíkẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tún fà á mọ́ra, ó ń bá a nu omijé. Aṣeni-bánidárò! Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá gbá a létí.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ẹbí tún pé sí yàrá kan náà. Àlùfáà ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, ó ní ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kó fi jì í, nítorí sàréè ò rọgbọ fún ẹni tí èèyàn dì sínú. Ó ní kí ìyàwó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mi ò fi jì í,” ni Hassanat wí. “Mo bá a sùn sórí ilẹ̀, mo bá a ru ẹrù, mo da ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ nù lórí àìsàn. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n máa mánéèjì. Kí òun náà máa mánéèjì ní sàréè tó wà.”

Àlùfáà bẹ̀ ẹ́, Bàbá bẹ̀ ẹ́, ó ní láéláé. Ojú gbogbo wọn wá yí sí Àjíbíkẹ́, torí ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ̀ tí wọn ò fi jì yìí. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, kí Hassanat sì dárí ji ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó la ẹnu. Abdulhafeez jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ léèsì tuntun tó mú nínú ọjà ṣọ́ọ̀bù náà. Àjíbíkẹ́ wò ó, ó nu ojú, ó ní kí àlùfáà máa bá àdúrà lọ.