Wáìfáì Tó Ń Tòògbé

Èmi Àbáyọ̀mí kì í tètè gbà pé mo jẹ̀bi. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé kọ̀mpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àṣàbí wọlé lágogo méjìlá ọ̀sán, tó ní wáìfáì láptọ́ọ̀pù òun ń já ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ráútà ni mo kọ́kọ́ bú. Mo bú àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa. Mo wá yíjú sí òun fúnra rẹ̀.

“Kí lo fọwọ́ kàn?”

“Bọ̀dá, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe gbẹ̀yìn. Agogo kan ni ìntáfíù mi o, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọmọ Ìwó ni Àṣàbí, ó sì ti lo ọdún mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ oní-nálọ́ọ̀nù kan. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun tó ń hù bí olú láàárín àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fún ẹnì kan péré ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Àṣàbí sì wà lára àwọn tó ń du ún. Kánádà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa bi í ní ìbéèrè wà. Wọ́n ti kọ̀wé pé bí ìpè bá já, àwọn ò ní tún un pè.

Fóònù rẹ̀ kékeré ni, tọ́ọ̀ṣì ló ń fi ṣe jù. Tèmi wà lọ́dọ̀ Ṣùkúrát, atún-fóònù-ṣe, tó ń pààrọ̀ gíláàsì ojú rẹ̀. Kọ̀mpútà ńlá mi tó ń lo wáyà kò ní kámẹ́rà.

Mo yẹ láptọ́ọ̀pù náà wò, ara bù mí máṣọ. Tuntun ni kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ètò tó jẹ́ ọkàn kọ̀mpútà, tó ń darí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Èmi ni mo fi sí i nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Pásítọ̀ wa ní kí gbogbo ìjọ kó ohun àtijọ́ kúrò nílé, kí tuntun lè ráyè wọlé. Àwọn yòókù da bàtà àti ìkòkò nù. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo pa kánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ rẹ́ nínú gbogbo kọ̀mpútà tó wà lọ́wọ́ mi. Òun sì la máa ń padà sí bí tuntun bá ń yọ wá lẹ́nu.

“Àṣàbí, èmi ni mo bà á jẹ́.”

Mo rò pé yóò kígbe. “Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú,” ló wí.

Mo sáré jókòó sídìí kọ̀mpútà ńlá, mo bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń wá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, mo kan ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tí mi ò mọ ìlú rẹ̀. Ó ní kánẹ́ẹ̀lì yìí máa ń jẹ́ kí wáìfáì tòògbé bí iṣẹ́ bá dínkù, kí bátìrì má baà tètè tán, àti pé oorun náà ló ń já a. Ó kọ àṣẹ kan sílẹ̀, ìlà kan ṣoṣo, pé kó má sùn mọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Mẹ́rin. Méje. Kò já! Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀, tí kò mọ̀ pé a wà láyé, ti ro ìṣòro wa tán, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Mo ṣí fìlà mi láìmọ ìgbà tí mo ṣí i.

Ìpè wọlé lágogo kan. Mo jáde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àṣàbí ń ṣàlàyé bí nálọ́ọ̀nù ṣe ń dí gọ́tà ní Ìtẹlẹ̀ nítòsí wa, àti ìmọ̀ tó fẹ́ kọ́ láti fi yọ́ nálọ́ọ̀nù náà. Ohùn rẹ̀ kò gé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó parí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ṣé wọ́n mú ẹ?”

“Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó sọ.”

“Kí ló wá ń pa ẹ́ lẹ́kún?”

“Bọ̀dá, látìgbà tí mo ti dé Ọ̀tà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán rí. Àwọn yẹn gbọ́ mi tán.”

Mo gbé àga fún un, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ ọ́ fún èmi náà láti ìbẹ̀rẹ̀.