Ibi Tí Òrùlé Ti Pàdé Ògiri

Bùọ̀dá mi ní òun ń bọ̀ wá mú Màmá lọ sílé òun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí yàrá tí mo fi wọ́n sí ń rùn. Ó sọ ọ́ lórí fóònù bí ẹni pé èmi gan-an ni mò ń rùn. Mo fẹ́ rán an létí pé láti ọdún mẹ́ta tí Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, yàrá náà ń rùn. Mo pa fóònù tìbínú-tìbínú.

Mi ò fẹ́ kí Màmá lọ. Àwa méjèèjì la jọ ń jókòó lójú wíńdò láàárọ̀ tí a máa ń fi àwọn tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Tí wọ́n bá lọ, ta ni màá tún máa bá jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀?

Mo mọ ohun tó fa òórùn yẹn, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé Màmá ti ń tọ̀ sílé ni. Ẹ̀gbẹ́ fóòmù wọn tó kan ògiri máa ń tutù rinrin, pàápàá láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ọlọ́gbọ́n bíi tèmi, mo ní òtútù òjò ló ń fà á. Mo tẹ́ ọ̀rá sórí fóòmù, mo sì ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ mu omi mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá sọ fún mi pé, "Kì í ṣe èmi." Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé ara tó ti dàgbà ni, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n tún yàrá náà kùn lọ́dà, bóyá òórùn á dínkù kí Bùọ̀dá tó dé. Mo fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ibi tí ọ̀dà ti wú, ìka mi wọnú ògiri bí ìgbà tí ìka bá wọ búrẹ́dì tí omi ti rin.

Mo pe káfíńtà tó kan òrùlé náà. Ó gun òkè, ó rìn káàkiri orí páànù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òrùlé òun kò jò, kò sí ìṣó kan tó yẹ̀, kí n lọ bi bíríkìlà. Mo pe bíríkìlà tó rẹ́ ògiri náà. Òun náà wo ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó ní ògiri kì í jò, òrùlé ló ń jò. Káfíńtà ní kí n bi í pé ta ló rẹ́ ògiri. Bíríkìlà ní kí n bi í pé ta ló kan páànù. Àwọn méjèèjì dúró síwájú mi o, wọ́n ń fi mí ránṣẹ́ síra wọn.

Ó sú mi. Mo ní kí wọ́n jọ gun òkè lọ, nígbà tí wọ́n gùn ún tán, mo yọ àkàbà. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n á fi rí ibi tí omi ń gbà.

Ẹ̀yìn ilé la kọ́ yàrá Màmá mọ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, òrùlé rẹ̀ sì fara ti ògiri ilé àtijọ́. Ní ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri yẹn, ó yẹ kí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n tẹ̀ sí méjì. Apá kan á bo etí òrùlé. Wọ́n á la ojú ihò gbọọrọ sára ògiri, wọ́n á ti apá kejì bọ inú rẹ̀, kí omi tó ń ṣàn lára ògiri lè bọ́ sórí páànù kó sì bá tirẹ̀ lọ. Káfíńtà tẹ páànù náà lóòótọ́, ó gbé e ti ògiri, ó fi í sílẹ̀ de bíríkìlà, nítorí ògiri kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bíríkìlà dé, ó bá páànù nídùúró, ó ní bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, nítorí páànù kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fi sìmẹ́ńtì lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri. Oòrùn pa sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì là. Láti ìgbà náà ni omi ti ń gba ẹ̀yìn páànù wọlé. Kò kán tó lójú ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ògiri, títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

"Ọdún mẹ́ta," ni mo wí fún wọn láti ìsàlẹ̀. "Ṣé ẹ ò lè bi ara yín ni?"

Káfíńtà ní, "Màdáàmù, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n la ihò náà, wọ́n ti páànù bọ̀ ọ́, wọ́n dí i pa, wọ́n ha gbogbo ibi tó ti jẹrà, wọ́n sì tún un rẹ́. Mo ní kí wọ́n da garawa omi mẹ́wàá sára ògiri lókè kí n tó gbà. Kò sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Mo sáré lọ bá Màmá ní pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin," ni mo wí. "Omi òjò ni."

Wọn ò gbójú sókè. "Mo ṣáà sọ fún ọ."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní tí Bùọ̀dá bá dé, a ó fi ògiri hàn án, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

"Mo ti forí jì ọ́," ni Màmá wí. "O tọ́jú mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Àmọ́ láfẹ̀mọ́júmọ́, tí o bá yọ́ wọlé wá fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì mi wò, ṣé o rò pé mò ń sùn ni? Ó dé ibi tí èmi náà fi ń tẹ̀ ẹ́ wò kí o tó dé. Àfìgbà tí bíríkìlà wá jẹ́rìí mi kí o tó gbà mí gbọ́."

Inú ń bí mi sí káfíńtà, ó ń bí mi sí bíríkìlà, ṣùgbọ́n èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ ni inú ń bí mi sí jù. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Bùọ̀dá dé láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ó wọ yàrá náà, ó fa imú, ó fọwọ́ ra ògiri tuntun. Ó ní òun ò gbọ́ òórùn kankan mọ́, pé kí Màmá kúkú dúró. Màmá ti jókòó sínú mọ́tò.