Rìn, Kí Àlejò Rí Ọ

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ló lóṣòó sílẹ̀ nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, tó ń fa etí aṣọ gígùn kan tó ti ń gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aránṣọ dúró gbọọrọ, ó ń wò ó. Aṣọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló rán an. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ti ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò láti ìgbà èwe rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ gbé e jókòó síwájú ni wọ́n gbé aṣọ fún ẹlòmíràn rán.

"Ó dà bíi pé èjìká rẹ̀ wọ́," ni ìyàwó wí.

"Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́," ni Aránṣọ dá a lóhùn. "Òkè lo rí, o ò rí ìsàlẹ̀."

"Háà, Àǹtí! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ni mo sọ? Aránṣọ ni mí, ìyàwó wa. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi aṣọ gígùn bò."

Bàtà ni wọ́n fẹ́ bò. Àtẹ́lẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì, awọ lórí awọ tí aránbàtà tò pọ̀, nítorí ẹsẹ̀ òsì kúrú ju ọ̀tún lọ. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń tiro.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ́ sí lọ́jọ́ náà. Òun ni dókítà àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn yẹn tó gé eegun ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, tó sì tò ó padà kó lè tọ́. Ṣáájú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn òbí ni pé kí wọ́n máa gbé ọmọ lọ sílé, kí wọ́n máa ṣe sùúrù. Nígbà tó kó ayùn àti òòlù dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sọ ọ́ ní Dókítà Gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí àwọn ọmọ ń ti yàrá rẹ̀ jáde tí wọ́n ń sáré, ẹ̀fẹ̀ di oyè. Ká má purọ́, ọkùnrin náà ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Aránṣọ, àbúrò rẹ̀, ló kọ́kọ́ gé. Ọmọdé ni Aránṣọ nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé e, ó tò ó, ó fi pílásítà funfun dì í, kí eegun lè so pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀tún tètè so. Òsì kò tíì so nígbà tí wọ́n ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, àwọn tí yóò pinnu bóyá kí iṣẹ́ náà máa lọ tàbí kó dúró. Dókítà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò tíì so. Ó tú u. Ó dúró lápá kejì yàrá, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Rìn, kí àlejò rí ọ."

Ó rìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ti wú, eegun ti yẹ̀, ó sì ti gun ara rẹ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe tún un tò lẹ́yìn náà, kò bọ̀ sípò mọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni àwọn àlejò lọ sílé ní tiwọn, iṣẹ́ sì ń tẹ̀ síwájú.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní òfin kan: *Eegun kò mọ àlejò, má tú u kó tó so.* Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri gbọ̀ngàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ibi tí òfin náà ti wá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà wọlé, arúgbó tó ṣì nàró, tó wọ kóòtù tuntun.

"Ṣé o ti múra?"

"Mo ti múra, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní."

"Sọ ọ́ kíá, wọ́n ti ń dúró."

"Tí ẹ bá dé orí ọ̀rọ̀ òfin yẹn, ẹ sọ ibi tí ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ kàn sọ pé ẹsẹ̀ àbúrò yín ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ le.

"Lónìí? O fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lónìí?"

"Ẹ ò bẹ̀ mí rí, Bọ̀ọ̀dá. Láti kékeré títí mo fi hu ewú, ẹ ò bẹ̀ mí rí."

"Ta ló tọ́jú rẹ? Ta ló ra máṣíìnì fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń wà á."

Ìyàwó yíjú sí ògiri.

"Àwọn ọmọ tó ń rìn nítorí ohun tí mo kọ́ lára rẹ ńkọ́?" ni Dókítà bi í. "Ṣé wọn ò tó ọ ni?"

"Wọ́n tó. Inú mi ń dùn sí wọn. Mo tún ń bínú sí yín. Méjèèjì ló wà nínú mi."

"A máa sọ ọ́ nílé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì jáde.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti to irinṣẹ́ àtijọ́ sórí tábìlì níwájú: ayùn, òòlù, àwọn irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ eegun. Aránṣọ jókòó níwájú pátápátá, ó ń retí. Dókítà sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ó dé orí òfin. Ó ní, "Ìrírí ló kọ́ mi." Ó sì ré kọjá.

Ọkàn Aránṣọ bàjẹ́. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀: ìrírí.

"Ẹni tí mo kọ́kọ́ gé eegun rẹ̀ nìyí," ni Dókítà wí, ó na ọwọ́ sí i. "Àbúrò mi ni. Dìde. Rìn, kí àlejò rí ọ."

Ó dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà òsì, ó bọ́ ọ. Ó ká aṣọ gígùn náà sókè dé orókún, ó sì ń tiro lọ síwájú. Àtẹ́wọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo gbọ̀ngàn fi dákẹ́. Ó gbé bàtà náà ka orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí fún àwọn dókítà kékeré tó jókòó sápá kan, ó tọ́ka sí ògiri, "wọ́n tú tèmi kó tó so, torí àlejò. Ibẹ̀ ni òfin yìí ti wá."

Ó tiro gba àárín ìjókòó kọjá, ó jáde. Kò wẹ̀yìn.

Ìyàwó sáré bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀; bóyá kò láyà láti gbé e.

"Àǹtí! Àǹtí, ẹ dúró. Kí ni kí n wí fún Dókítà?"

Aránṣọ fi ọwọ́ ti ògiri, ó mí.

"Sọ fún un pé mo ti rìn," ló wí, "àlejò sì ti rí mi."